Ìwé Ò Wọlé Mọ́: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Másùnmáwo Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì

Bí àsìkò ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé ní àwọn fásitì wa, gbólóhùn mẹ́ta kan kì í wọ́n lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́: orí mi ti gbóná, ìwé ò wọlé mọ́, ó ti sú mi. Èsì àwọn àgbà náà kì í pẹ́: “Àwa náà kàwé láyé tiwa.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ọmọ á dákẹ́, á gbé ìwé rẹ̀, á padà sí yàrá. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti wádìí, àti nínú ohun tí ojú ń rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ohun tó hàn sí mi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fara da wàhálà tó pọ̀ bí ó bá rí ẹni bá a gbé e. Dídá a gbé ló ń wó wọn lulẹ̀. Irọ́ tí à ń pa fún wọn, àti èyí tí wọ́n ń pa fún ara wọn, ló sì ń jẹ́ kí wọ́n máa dá a gbé.

Irọ́: Àìsàn ayé òde òní ni. Àwọn tó kàwé láyé àtijọ́ ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni ẹ̀rí tó tako ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ Aro, kọ̀wé jáde nípa àìsàn kan tó ń rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa, láti ilé ẹ̀kọ́ girama dé fásitì. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tàbí kí nǹkan máa rìn wọ́n lábẹ́ awọ orí. Ojú á ṣú, omi á máa dà lójú. Wọ́n á ka ojú ìwé kan tán, ohun tí wọ́n kà á ti fò lọ kí wọ́n tó ṣí èkejì. Ọrùn á máa ro wọ́n, oorun á dá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, Prince sì mú orúkọ náà lò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1960 ni a gba òmìnira. Àwọn tó wà lẹ́nu ìwé nígbà náà ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà àwọn tó wà ní fásitì lónìí, àwọn gan-an tí à ń sọ pé wọ́n kàwé láìsí wàhálà. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí Instagram tí a lè di ẹ̀bi rù. Síbẹ̀, orí ń gbóná.

Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ níwèé nígbà náà á mọ ohun tó ń gbóná níbẹ̀. Bàbá ń ta kòkó, ìyá ń ta aṣọ inú àpótí rẹ̀, àbúrò fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè tẹ̀ síwájú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dá owó jọ. Kì í ṣe orí ara rẹ̀ nìkan ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé wọ yàrá ìdánwò. Prince tún wòye ohun kan tí mo rò pé ó jinlẹ̀: pé ìwé kíkà lọ́nà tòyìnbó, tí oníkálùkù á dá jókòó ti ìwé tirẹ̀, tako bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọmọ yìí láti kékeré, níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ àjọṣe.

Ìwé atọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ brain fag sí àtòjọ rẹ̀ ní 1994, bí àìsàn tó jẹ́ ti àṣà àwọn ènìyàn kan. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọ́n yọ ọ́. Ó dára tí wọ́n yọ ọ́. Oyedeji Ayonrinde, oníṣègùn ọpọlọ, tú àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ wò, ó sì rí i pé ní sẹ́ńtúrì 19 ni àwọn dókítà àti oníwèé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi brain fag pe àárẹ̀ àwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ ju agbára wọn lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn òyìnbó tó ràn wá, kì í sì í ṣe àìsàn adúláwọ̀. Ohun tó ń ṣe ọmọ ènìyàn ni, bí ẹrù bá wúwo jù tí kò sì sí ẹni tó máa bá a gbé e.

Irọ́: Ẹni tó bá láyà, àyà rẹ̀ kì í já nínú ìdánwò.

Àyà ẹnikẹ́ni tó bá mọ iyì ohun tó fẹ́ ṣe á já. Bí wọ́n bá ti ní “ẹ lè bẹ̀rẹ̀” báyìí, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, ẹnu á gbẹ. Ara ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ń gbé agbára lọ síbi tí wọ́n ti máa lò ó. Láti 1908 ni Robert Yerkes àti John Dodson ti fi eku dán an wò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà le, eku tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà ò tètè kọ́ ọ, èyí tí wọ́n dẹ́rù bà jù náà ò tètè kọ́ ọ. Èyí tó wà láàárín ló ṣe dáadáa.

Ní 2010, Jeremy Jamieson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń múra fún ìdánwò GRE, èyí tí wọ́n fi ń wọlé fún oyè kejì ní Amẹ́ríkà, mọ̀ pé kí àyà máa lù lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan fún àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ fún ló gba máàkì tó ga jù nínú ìṣirò. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, wọn ò sì gbàdúrà lé ẹnikẹ́ni lórí. Wọ́n kàn sọ òótọ́ ara fún wọn ni.

Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni másùnmáwo tí kì í lọ, tó bá ènìyàn jí, tó bá a sùn, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ ò wu ọmọ náà jẹ, tàbí kó máa jẹ láìdúró. Ó ń sùn láago mẹ́rin òwúrọ̀. Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Kò gbé fóònù ìyá rẹ̀ mọ́, nítorí pé kò fẹ́ kí ó béèrè pé “ìwé ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní pé àyà ń já. Ibi tó yẹ kí ẹlòmíràn ti dá sí i nìyẹn.

Irọ́: Ẹni tó bá ń ṣe TDB ló máa yege.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ilẹ̀ Yorùbá tí a máa ń túmọ̀ TDB, till day break, fún. Ẹni tó ń ṣe é á jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, á kó kọfí tàbí obì sápò, á ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù kí oorun má baà gbé e. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, òru nìkan ni ariwo ń rọlẹ̀, òru náà ni iná sì máa ń dúró níbòmíì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó kàwé lóru.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tó kà lọ́sàn-án sí ààyè rẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo òru tó ṣáájú ìdánwò kàwé ti gba àsìkò títò yẹn lọ́wọ́ ọpọlọ rẹ̀. Ní 1980, Olufemi Morakinyo ti Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé lórí brain fag kan náà tí Prince sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó sì tọ́ka sí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lé ara wọn ju bó ṣe yẹ, tí wọ́n ń dín oorun kù, tí wọ́n sì ń lo nǹkan amúnijí láti fi dín in kù. Ohun tí wọ́n ń ṣe kí ìwé lè wọlé gan-an ni kò jẹ́ kó wọlé.

Ó tún kù. Kíkà á, kí a tún un kà, kí a tún tún un kà, máa ń jẹ́ kó dà bíi pé a ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi èyí wé kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á, kó pa ìwé dé, kó sì gbìyànjú láti rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń tún un kà ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn yẹn rántí, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n bi ara wọn léèrè sì rántí ìdá 56. Bí ẹni méjì bá jókòó, tí ọ̀kan ń béèrè, tí èkejì ń dáhùn láìwo ìwé, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín wákàtí kan lè ju ti òru kan lọ.

Irọ́: Ìgboyà, àbímọ́ni ni.

Irọ́ yìí ló dùn mí jù, nítorí pé àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ló ń gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ni, wọ́n tó mẹ́jọ, wọ́n jọ ń ṣe ìṣirò fún ara wọn. Iná ti lọ, wọ́n gbé fóònù méjì sórí fèrèsé kí tọ́ọ̀ṣì wọn lè mọ́ sára pátákó. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn, ọmọ Òkè-Ògùn, tí kì í fọhùn rárá bí olùkọ́ bá wà níwájú. Ọmọkùnrin tó ń darí wọn na ṣọ́ọ̀kì sí i: “Wá ṣe nọ́ńbà mẹ́ta.” Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó jókòó tì í ní, “O ṣe é nínú ìwé ẹ lánàá, mo rí i.” Ó dìde. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó kọ èkejì, ní ìlà kẹta ó gbé iye kan kọjá láìyí àmì rẹ̀ padà. Ẹnì kan ní, “Wo àmì ẹ.” Ó wò ó, ó fi ọwọ́ pa á rẹ́, ó tún un kọ, ìdáhùn sì bọ́ síbi tó yẹ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin yẹn kàn ní, “Ó yá, ta ló kàn?” Nígbà tó máa fi jókòó, ó ti na ọrùn, ó ń wo bí ẹni tó kàn ṣe ń ṣe tirẹ̀, ó sì ti ń bá a dá sí i.

Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1977 pé ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn fi ń gbà gbọ́ pé òun lè ṣe nǹkan. Èyí tó lágbára jù ni pé kó ti ṣe é rí, kó sì bọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kó rí ẹni tó dà bí òun tó ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀kẹrin ni bó ṣe ń túmọ̀ ohun tó ń ṣe ara rẹ̀, àyà tó ń lù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí ni ọmọbìnrin yẹn rí gbà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí owó ilé ìwé ń bá fínra bíi tirẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn níbẹ̀.

Ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, tó ń kì í, tó ń ṣàdúrà fún un, wà lórí ọ̀nà kẹta, ó sì ń ṣiṣẹ́ gidi. Kí ó má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan kì í gbé ènìyàn jìnnà bí kò bá sí iṣẹ́ tó ti ṣe tó lè tọ́ka sí. “Ìwọ lo máa gba first class” láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan máa ń di ẹrù mìíràn lórí ọmọ. “Kí lo ṣe lónìí tí o ò lè ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá?” sàn ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti ṣe é, tí wọn ò gbà pé àwọn ló ṣe é. Ní 1978, Pauline Clance àti Suzanne Imes kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ti ṣàṣeyọrí lẹ́nu ìwé àti iṣẹ́, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni àṣírí máa tú pé àwọn ò mọ nǹkan kan. A ní irú wọn láàárín wa, ọkùnrin àti obìnrin. Máàkì irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò ìwọlé JAMB ga, ó wọ ẹ̀ka tó le, ó dé kíláàsì, ó bá àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́ olówó ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ń já geere, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àṣìṣe ni wọ́n fi mú òun. Kò mọ̀ pé ẹni tó jókòó tì í ń ro nǹkan kan náà, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta.

Irọ́: Ẹni tó wà láàárín èrò kò lè dá wà.

Ó lè wà lórí WhatsApp kíláàsì pẹ̀lú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, kó sùn sí yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ, kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó má sì ní alábàárò kan. Ohun tó ń gbé ènìyàn ró ni ohun tí ẹni kan ṣe fún un nígbà tó nílò rẹ̀. James House tò ó sí mẹ́rin ní 1981: ẹni tó ń fi ìfẹ́ hàn sí i, ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan fún un, ẹni tó ń sọ ohun tí kò mọ̀ fún un, ẹni tó ń sọ òtítọ́ fún un nípa bó ṣe ń ṣe sí. Ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ wo squatting ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò rí ààyè gbà, ọ̀rẹ́ kan fà á wọlé, wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, ọ̀kan kọ orí síhìn-ín, èkejì kọ ọ́ sọ́hùn-ún. Òfin ilé ìwé kórìíra rẹ̀, ó sì ní ìdí, yàrá ń há, omi ò tó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó gboyè jáde lónìí, bí kò bá sí ti ọ̀rẹ́ yẹn, inú ọkọ̀ láàárín ilé àti ilé ìwé ni ọdún wọn ìbá parí sí. Ó ń dun mí pé àìtó yàrá ló ń sọ àánú di ẹ̀ṣẹ̀.

Ní 1985, Sheldon Cohen àti Thomas Wills kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì fi hàn pé àtìlẹ́yìn ènìyàn máa ń gba ìyà wàhálà mọ́ra fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ní 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí 148 lórí ènìyàn tó ju 300,000 lọ. Àǹfààní wíwà láàyè fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó ní àjọṣe tó dán mọ́rán.

Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta, ti mọ èyí ṣáájú ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1954 ní Aro, kò ti àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì ní kí olúkúlùkù wọn mú ó kéré tán ẹbí kan wá tó máa bá a gbé níbẹ̀. Ó ka ẹbí mọ́ ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà ni Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Irọ́: Ẹni tó bá pẹ́ ní fásitì, ọ̀lẹ ni.

Láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022 títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, wọ́n tún wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wọlé ní 2018 fún ọdún mẹ́rin mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ká máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mí sínú mí síta kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, láìbá ìjọba àti àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lórí owó, yàrá, iná àti kàlẹ́ńdà, ìyànjẹ ni.

Irọ́: Bí o bá bi ọ̀rẹ́ rẹ bóyá ó ń ro ikú, o ti fi í sí i lọ́kàn.

Rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ léraléra pé bíbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ti ń rò ó rí ibi mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin pàápàá ran ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ́wọ́. Abala 327 nínú Criminal Code, òfin ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì pe ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ní ọ̀ràn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó yí tirẹ̀ padà nínú òfin ọ̀daràn 2011, ilé ìwòsàn ni kóòtù máa ní kí wọ́n gbé ẹni náà lọ. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin àwọn wèrè ti ayé amúnisìn.

Nítorí náà, béèrè. Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o sọ ohun tí o rí: “Mo rí i pé o ò wá sí kíláàsì mọ́, o sì ti ń fún àwọn ènìyàn ní ẹrù rẹ. Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?” Lẹ́yìn náà, gbọ́. Má jiyàn, má wàásù, má sọ fún un pé àwọn kan ń jìyà jù ú lọ. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí rẹ̀. Bí ó bá ní kí o búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, má búra. Ọ̀rẹ́ kan ò lè dá èyí gbé. Pe ẹni tó fọkàn tán nínú ẹbí rẹ̀, kí ẹ jọ mú un lọ sí ilé ìwòsàn fásitì tàbí ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ, ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà, ní ilé ìwòsàn Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Yàbá tàbí ti Aro. Bá a wọlé, jókòó tì í títí dókítà á fi dé, kí o sì padà lọ wò ó lọ́jọ́ kejì.